Kajú àti Ìtọ̀ Ṣúgà: Èwo Ni Oúnjẹ, Èwo Ni Oògùn?

  Ìyá kan nínú yín bi wá léèrè pé: “Wọ́n ní kajú ń wo ìtọ̀ ṣúgà sàn. Ṣé kí bàbá wa fi oògùn ọ́pítà sílẹ̀, kí wọ́n máa mu àgbo kajú?” Ìbéèrè gidi ni, torí kajú ò jìnnà sí wa níbí. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò.

Iyán o, ẹ̀bà o, ìrẹsì o, gbogbo wọn ló ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Ohun kan wà nínú ara tó ń jẹ́ ínsúlínì. Òun ló ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà yẹn kó lè wọ inú ẹran ara, kó di agbára. Bí kò bá tó, tàbí tí ara ò gbọ́ tirẹ̀ mọ́, ṣúgà á pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni náà á máa tọ̀ lemọ́lemọ́, òùngbẹ á máa gbẹ ẹ́, á máa rù, ojú rẹ̀ á máa ṣú, egbò rẹ̀ ò sì ní tètè jinná.

Níbo wá ni ọ̀rọ̀ kajú ti wá? Ní 2010, àwọn onímọ̀ láti Kamẹrúùnù àti Yunifásítì Montréal ní Kánádà yẹ ewé, èèpo igi, èso àti hóró kajú wò. Wọ́n fa èròjà inú wọn jáde, wọ́n fi í sí sẹ́ẹ̀lì ẹran ara tí wọ́n ń tọ́jú nínú àwo. Ti hóró nìkan ló mú kí sẹ́ẹ̀lì yẹn gba ṣúgà sí i dáadáa. Ìròyìn rere ni, ṣùgbọ́n inú àwo ni o, kì í ṣe inú ènìyàn.

Ti ènìyàn ńkọ́? Ní Íńdíà, ìwádìí kan tó jáde ní 2018 lo 300 ènìyàn tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Àwọn kan nínú wọn jẹ 30 gíráàmù hóró kajú lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 12. Ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wálẹ̀ díẹ̀, ọ̀rá tó dára nínú ẹ̀jẹ̀ wọn sì pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn ò yàtọ̀ sí ti àwọn tí kò jẹ ẹ́. Ìyẹn ni pé oúnjẹ rere ni kajú, kò rọ́pò oògùn.

Ẹ tún fetí sí èyí. Ẹ má gún kajú tútù pẹ̀lú èèpo rẹ̀ ṣe àgbo! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pa kajú rí mọ bí òróró èèpo rẹ̀ ṣe ń jó ọwọ́. Èròjà tí àwọn onímọ̀ yẹn ní ó ṣiṣẹ́ nínú àwo, anacardic acid, òun náà ló kún inú òróró yẹn. Ohun tó ń bó awọ ọwọ́, kí ló máa ṣe fún ọ̀fun? Omi èso kajú náà dùn, ṣúgà wà nínú rẹ̀, ẹ ṣọ́ra fún un.

Kí la wá lè ṣe?

– Ẹ jẹ hóró kajú yíyan, bí ogún hóró lójúmọ́, láìsí iyọ̀ tàbí ṣúgà, dípò bísíkíìtì. Ẹni tí kò bá lára mu, kó má jẹ ẹ́.
– Ẹ má dá oògùn dúró láìbi dókítà.
– Tí ẹ bá ń mu àgbo, ẹ má fi pamọ́ fún nọ́ọ̀sì. Àgbo pẹ̀lú oògùn lè fa ṣúgà wálẹ̀ jù. Bí ẹni náà bá ń làágùn, tó ń gbọ̀n, tí òòyì ń kọ́ ọ, ẹ fún un ní omi ṣúgà bó bá lè gbé e mì, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sí ọ́pítà kíá.

Ìbéèrè tẹ́ ẹ máa jọ jíròrò: Ta ló ti dá oògùn dúró nínú ìdílé wa? Ṣé àìsí owó ló fà á, àbí ohun tó gbọ́ lọ́jà? Báwo la ṣe lè ràn án lọ́wọ́ kó tó pẹ́ jù?