Ẹ Má Gba Sukudiráfà Lọ́wọ́ Ọmọ

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ojú ọmọdé ń wá ẹni tí yóò gbé e dìde, ojú àgbà ń wá ohun tó kọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀. Ohun tí òwe náà kò sọ fún wa ni ọjọ́ tí ojú ọmọ ń yí padà, àti ẹni tó ń yí i padà. Èrò tèmi ni pé kò yẹ ká fi ìyípadà yẹn sílẹ̀ fún ọjọ́ orí. Nínú gbogbo ohun ìṣeré tí òbí lè rà fún ọmọ ní Flatbush ní Brooklyn, ọkọ̀ kékeré oníredíò tó ń dé ní wẹ́wẹ́ nínú páálí, tí a ó fọwọ́ ara wa tò, wà lára ìwọ̀nba èyí tó lè kọ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá láti wo ẹ̀yìn. Eré tó ń sá kọ́ ni mo ń wò. Ó ń bàjẹ́ ni, ìdí tó fi ń bàjẹ́ sì jẹ́ ohun tí ọmọ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá rí.

Ẹ wo bí ọkọ̀ náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Rìmọ́ọ̀tù wà lọ́wọ́ ọmọ. Risífà wà nínú ọkọ̀, òun ló ń gbọ́ ohun tí rìmọ́ọ̀tù wí. Ohun méjì ló so mọ́ risífà yìí: ọ̀kan ni servo, ẹ̀rọ kékeré tó ń yí ẹsẹ̀ iwájú sọ́tùn-ún sósì, èkejì ni àpótí tó ń díwọ̀n iná, tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè ní ESC. Bátìrì so mọ́ ESC, ESC ń fún ẹ́ńjìnnì níná, ẹ́ńjìnnì ń yí jíà, jíà ń yí táyà. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nǹkan mélòó kan ni, wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn, a sì lè bi ọ̀kọ̀ọ̀kan léèrè ohun tó ṣe é. Fóònù àti tablẹ́ẹ̀tì tó wà nílé kò gba irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá kú, ẹni tó ní wọn kò ní ohunkóhun láti tú wò. Ìlú New York yìí gan-an ni Nikola Tesla ti fi irú ẹ̀rọ tí a ń fi rédíò darí yìí han àwọn èèyàn ní 1898, nígbà tó gbé ọkọ̀ ojú omi kékeré kan sínú omi ní Madison Square Garden, tó sì ń darí rẹ̀ láìsí wáyà kankan láàárín òun àti ọkọ̀. Ìjọba fún un níwèé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún náà, nọ́ńbà 613,809. Bátìrì, ohun tó ń gba àṣẹ, ẹ́ńjìnnì tó ń tì í lọ, àti ẹ̀rọ tó ń yí ìdí ọkọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ọmọ tó bá tò ọkọ̀ tirẹ̀ lórí tábìlì ìdáná lónìí yóò bá gbogbo wọn pàdé, níkọ̀ọ̀kan.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ má ra èyí tí wọ́n ti tò tán. Mo mọ ohun tí ẹ ó wí. Irú rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù ní Flatbush Avenue àti Church Avenue, kò wọ́n, ọmọ á sì ti máa wà á kí ẹ tó bọ́ kóòtù lọ́rùn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú bẹ́ẹ̀, pátákó kan ṣoṣo ló ń ṣe iṣẹ́ risífà, òun náà ló ń ṣe ti ESC, wọ́n sì ti fi òjé lẹ gbogbo wáyà mọ́ ọn pinpin. Ibì kan kú, gbogbo rẹ̀ kú, kò sì sí ibi tí ẹ ó ti ra ohun èlò rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ọmọ mú níbẹ̀ ni pé inú páńtí ni ohun tó bá bàjẹ́ ń lọ. Ọkọ̀ àfọwọ́tò kò rí bẹ́ẹ̀. Tamiya, ilé iṣẹ́ ará Japan tó wà ní Shizuoka, ti ń ta tiwọn láti 1976. Ọ̀kan tó ń jẹ́ Grasshopper jáde ní 1984, wọ́n tún gbé e padà sórí àtẹ lẹ́yìn náà, ohun èlò rẹ̀ sì ṣeé rà ní ẹyọ ẹyọ. Bí ẹ bá ka rìmọ́ọ̀tù, bátìrì àti ṣájà mọ́ ọn, owó náà yóò ju 100 dọ́là lọ, n kò ní purọ́ fún yín. Àwọn òbí tó ń bínú sí iye yẹn ni wọ́n ṣe ọkọ̀ tiwọn lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà èwe wọn nílé: agolo mílíìkì ni ara ọkọ̀, sílípáàsì tó ti já ni táyà, igi gígùn sì ni sitiárì. Ẹni tó ti ṣe ọkọ̀ agolo rí kò nílò olùkọ́ láti mọ̀ pé táyà tí a kò lu ihò rẹ̀ sí àárín gbùngbùn yóò máa jó bó bá ń lọ. Ìmọ̀ yẹn kò bá wa wọ ọkọ̀ òfurufú dé Brooklyn, ó sì ń dùn mí díẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń tò ó, òwe tó yẹ kó wà lẹ́nu yín ni pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Inú ike ni ọ̀pọ̀ sukúrúù ọkọ̀ yìí ń wọ̀, sukúrúù fúnra rẹ̀ ló sì ń gé ọ̀nà tirẹ̀ bó ṣe ń wọlé. Bó bá ti jókòó, ó tó. Ẹni tó bá fi agbára kún un yóò ba ihò jẹ́, sukúrúù kò sì ní dúró níbẹ̀ mọ́. Sukudiráfà tó wà nínú dúrọ́ọ̀ lè má bá orí sukúrúù àwọn ará Japan mu dáadáa, yóò máa yọ̀, yóò máa jẹ orí rẹ̀, nítorí náà ẹ ra èyí tí wọ́n ṣe fún un, tí wọ́n kọ JIS sí lára. Ìwé ìtọ́sọ́nà Tamiya ya àwòrán sukúrúù ní ìwọ̀n tó rí gan-an, kí ọmọ lè gbé ti ọwọ́ rẹ̀ lé orí ìwé kó sì rí i bóyá wọ́n bára mu. Ẹ jẹ́ kó gbé e lé e nígbà gbogbo, kódà nígbà tó bá dá a lójú.

Wàyí o, ká ní ọkọ̀ parí, kò sì gbéra. Ọmọ tó ń wo iwájú á ní, “Ó ti bàjẹ́.” Gbólóhùn yẹn ni kí ẹ fòfin dè nínú ilé. Ibi tí nǹkan ti dúró ni kó sọ. Ṣé iná rìmọ́ọ̀tù tàn? Ṣé bátìrì kún? Ṣé súwíìṣì ọkọ̀ wà ní títàn? Ṣé iná risífà dúró ṣinṣin, àbí ó ń ṣẹ́jú, èyí tó sábà máa ń túmọ̀ sí pé òun àti rìmọ́ọ̀tù kò tíì da ara wọn mọ̀? Bí ẹsẹ̀ iwájú bá ń yí, tí ọkọ̀ kò sì lọ, ohun tí ọmọ ti mọ̀ ti pọ̀: rìmọ́ọ̀tù ń sọ̀rọ̀, risífà ń gbọ́ ọ, iná wà. Ẹjọ́ sábà máa ń kù sọ́rùn ESC, ẹ́ńjìnnì àti jíà. Bí ọkọ̀ bá ń lọ, tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ iwájú ló kọ̀ tí kò yí, ẹ gbé ọkọ̀ lé agolo Bournvita kí táyà má kanlẹ̀, kí ọmọ sì pààrọ̀ ojú ibi tí wáyà servo àti wáyà ESC wọ̀ lára risífà. Kó wá fa ohun tó fi ń mú ọkọ̀ sáré. Bí servo bá yí báyìí, kò ní àìsàn kankan. Ọ̀dọ̀ rìmọ́ọ̀tù tàbí ojú ihò àkọ́kọ́ ni ẹ̀bi wà. Bí kò bá yí síbẹ̀, òun gan-an ló kú. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà nídìí gbogbo èyí: ṣé ẹ̀bi tẹ̀ lé wáyà ni, àbí ó dúró síbi tó wà? Ọmọ tó bá lè béèrè bẹ́ẹ̀ ti ń wo ẹ̀yìn. Ohun kan ni kó máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Bó bá yí mẹ́ta pọ̀ tí ọkọ̀ sì gbéra, kò ní mọ èyí tó wò ó sàn.

Àwọn àìsàn kan wà tí ọkọ̀ ń fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Èyí tí a ní kó lọ síwájú tó ń fi ẹ̀yìn rìn, wáyà ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni wọ́n gbé kọjá ara wọn, tàbí kí súwíìṣì rìfáàsì lára rìmọ́ọ̀tù wà ní òdìkejì. Nínú èyí tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ṣiṣẹ́, bíi TT-02 ti Tamiya, bí ẹsẹ̀ iwájú bá ń yí síwájú tí tẹ̀yìn ń yí sẹ́yìn, wọ́n ti fi jíà apá kan sí òdì nígbà tí wọ́n ń tò ó, kò sì sí ọgbọ́n mìíràn ju kí a tú u. Èyí tó ń yà sápá kan, ó sábà máa ń jẹ́ pé wọ́n ti de apá servo kí iná tó mú servo dúró láàárín. Bí jíà bá ń ké, tó sì jẹ́ irú èyí tí a lè sún ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ẹ ki bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sáàárín eyín jíà méjèèjì, ẹ sún wọn mọ́ra, ẹ dè é, ẹ fa bébà jáde. Àyè tó kù yẹn ló tó. Ẹ tún wo ìdí táyà dáadáa. Nílé tí wọ́n ti ń dirun, okùn àtàṣímẹ́ǹtì tó já sílẹ̀ á wé mọ́ ìdí rẹ̀ títí táyà ò ní lè yí mọ́, ẹ́ńjìnnì á gbóná janjan, ẹ ó sì máa bú bátìrì tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ohun tó ṣòro jù fún àgbà ni kó pa ẹnu mọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ìka ọmọ ló lè wọ ibi tí sukúrúù bọ́ sí, àgbà ló ni bátìrì, ọ̀bẹ àti irin òjé. Àwọn kan á ní ọmọ yóò ba nǹkan jẹ́. Yóò bà á jẹ́ lóòótọ́. Bí kò bá ti lè ṣe é léṣe, tí kò sì lè dá iná sílé, ẹ jẹ́ kó fi í sí òdì, kó sì tú u. Ẹni tó bá gba sukudiráfà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kejì ti gbà á lọ́wọ́ ìṣubú tó yẹ kó kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ìyá tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lóru yóò sọ pé òun kò ráyè. Ìwé ìtọ́sọ́nà pín iṣẹ́ náà sí ìpele kéékèèké. Ìpele méjì lálẹ́ ọjọ́ kan ti tó, ọjọ́ mìíràn ń bọ̀. Bàbá tí ojú rẹ̀ wà lára SHSAT, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ ilé ẹ̀kọ́ bíi Brooklyn Tech, yóò bi mí pé ṣé sukúrúù ni wọn yóò bi ọmọ òun nínú ìdánwò. Rárá. N kò ṣèlérí pé ọkọ̀ ìṣeré yóò fi máàkì kan kún máàkì ọmọ yín, ẹ sì má gba ẹni tó bá ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀ gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìwé tí wọ́n fi ń múra ìdánwò ni ìdáhùn máa ń wà, ọkọ̀ tó kọ̀ láti lọ kò ní ojú ìwé ìdáhùn kankan, ọmọ sì nílò ibì kan tí yóò ti bá irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ jìjàkadì.

Níbi bátìrì ni n kò ti ní yọ̀ǹda ohunkóhun. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ní 2023, bátìrì lithium dá iná 268 sílẹ̀ ní ìlú New York, èèyàn 18 sì kú. Kẹ̀kẹ́ àti sùkútà oníná ló fa ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá bátìrì wọn ni LiPo tí wọ́n ń tà fún ọkọ̀ oníredíò. Ẹ fi LiPo sílẹ̀ fún àwọn tó ti mọ̀ ọ́n. Bátìrì NiMH onífólítì 7.2 ni kí ẹ ra fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Òun náà, kí àgbà wà nítòsí nígbà tó bá ń gba iná, kó jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì àti kọ́tìnì, kó má sì dí ẹnu ọ̀nà. Bó bá kú, ẹ má sọ ọ́ sínú páńtí: òfin ìpínlẹ̀ New York ti 2010 ní kí ṣọ́ọ̀bù tó ń ta bátìrì tí a ń gba iná sí máa gba èyí tó ti kú padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé àpátímẹ́ǹtì yóò ní kò sí ibi tí ọmọ á ti wà á. Láti 2007 ni ìlú New York ti ń ṣí ọ̀pọ̀ ọgbà ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún eré lẹ́yìn ìparí iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ àti ní òpin ọ̀sẹ̀. Ilẹ̀ wọn tẹ́jú, mọ́tò kì í sì gba ibẹ̀ kọjá. Ní Prospect Park, ẹ béèrè òfin ibẹ̀ kí ẹ tó gbé ọkọ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá wakọ̀ dé ìpẹ̀kun Flatbush Avenue níhà gúúsù, ẹ ó dé Floyd Bennett Field, pápákọ̀ òfurufú tí wọ́n ṣí ní 1931, níbi tí àwọn tó ń fo ọkọ̀ òfurufú kékeré oníredíò ti ní pápá tiwọn. Irú risífà àti servo tí ọmọ yín ti tú wò ló wà nínú àwọn yẹn náà. Nígbà òjò dídì, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì á jẹ bẹ́ríǹgì, nítorí náà kí ọmọ nu ọkọ̀ gbẹ kó tó gbé e pa mọ́. Bí àwọn ọmọ bá ju ẹyọ kan lọ nílé tí wọ́n sì ń jà sí rìmọ́ọ̀tù, ẹni tó wá ibi tí ẹ̀bi wà rí ni kó kọ́kọ́ wà á, kó sì ṣàlàyé fún èkejì bó ṣe rí i kó tó tẹ ohunkóhun.