Ta Ló Yẹ Kó Kọ́kọ́ Wo Ilé Yìí?

Ìbéèrè: Ọkọ̀ kọlu ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 15, lójú ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sí Benin, níbí ní Òrè. Ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ló fara pa jù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò gbé e mọ́. Wọ́n ti dá wa sílẹ̀ ní ọsibítù, a sì ti ra àga oníkẹ̀kẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n ilé wa ní Odígbó ga nílẹ̀, ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ há, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sì ni kíláàsì rẹ̀ wà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń pọ̀n ọ́n kiri. Bíríkìlà kan ní òun máa da sìmẹ́ǹtì sẹ́nu ọ̀nà fún wa. Ta ló yẹ ká lọ bá?
— Ìyá kan, Odígbó

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Ẹ kú ìrọ́jú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí bíríkìlà yẹn ṣe sùúrù díẹ̀. Ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ wo ilé yín ni occupational therapist. Ọ̀pọ̀ wa mọ physiotherapist, ẹni tó ń mú iṣan le, tó sì ń kọ́ aláìsàn bí yóò ṣe fi apá gbé ara rẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì bọ́ sórí kẹ̀kẹ́. Ọmọ yín ṣì nílò rẹ̀. Iṣẹ́ ti occupational therapist ni láti bi ọmọ léèrè ohun tó fẹ́ máa dá ṣe láti òwúrọ̀ dalẹ́, ìwẹ̀, aṣọ wíwọ̀, ilé ìgbẹ́, ìwé kíkọ, kó sì wá bí ilé àti irinṣẹ́ yóò ṣe bá ara ọmọ náà mu. Òun náà ni yóò wo ìjókòó inú kẹ̀kẹ́ yẹn. Ẹni tí ìdí rẹ̀ kò mọ ìrora mọ́ lè ní egbò ńlá láìmọ̀, nítorí náà kí ó máa gbé ara sókè lórí àga lemọ́lemọ́, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ọgbọ̀n, kí ẹ sì máa yẹ ìdí rẹ̀ wò lálaalẹ́. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ mú ní pàtàkì jù.

Fásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀ ń kọ́ àwọn oníṣẹ́ méjèèjì. Ṣùgbọ́n nítòsí yín, ẹ kọ́kọ́ béèrè ní ẹ̀ka physiotherapy ní ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Fásitì Ìmọ̀ Ìṣègùn (UNIMED), ní Oǹdó tàbí Àkúrẹ́. Bí wọn kò bá ní occupational therapist, kí wọ́n kọ ìwé fún yín lọ síbi tó wà. Ẹ má tijú láti béèrè ìwé-ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá wá.

Ìgbà náà ni kí ẹ pe bíríkìlà. Ínṣì kan tí ilé bá fi ga, ínṣì 12 ni kí ìdàgẹ̀rẹ́ sìmẹ́ǹtì tó fẹ́ dà sẹ́nu ọ̀nà gùn. Ilé tó ga ní ínṣì 18 yóò gba ẹsẹ̀ bàtà 18. Bó bá kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ, kẹ̀kẹ́ lè yí dà sẹ́yìn pẹ̀lú ọmọ. Ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ínṣì 32.

Àwọn kan lè ní kí ẹ gbé e lọ sí ilé-ìwé àkànṣe. Ti afọ́jú ni èyí tó wà l'Ọ́wọ̀, ti adití sì ni ti Àkúrẹ́. Ọmọ yín ń ríran, ó ń gbọ́ràn, nítorí náà kó dúró ní ilé-ìwé rẹ̀. Òfin akàndá ẹ̀dá tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní January 2019 ní kí ilé-ìwé ìjọba ṣeé wọ̀ fún irú wọn, kí ó sì ní, ó kéré tán, òṣìṣẹ́ kan tó kọ́ nípa ẹ̀kọ́ wọn. Ẹ mú òfin náà lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró de ilé kíkọ́: ẹ bẹ̀ ẹ́ kó gbé kíláàsì ọmọ náà wá sísàlẹ̀. Ìyẹn kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, ó sì lè ṣe é lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀.