Ìsàlẹ̀ Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ni Kí Ẹ Bẹ̀rù

Ẹ̀yin tí ẹ ń gun kẹ̀kẹ́ láti Adja-Ouèrè lọ sóko, a mọ̀ pé ilẹ̀ wa kò ní òkè bíi ti Ìdànrè. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ la ní: ilẹ̀ pupa lókè, ilẹ̀ dúdú àwọn èèyàn Ọ̀họ̀rí nísàlẹ̀. Ibi tí méjèèjì ti pàdé gan-an ló ń gbé kẹ̀kẹ́ ṣubú.

Òjò lè má kán sí yín lórí lókè, kó sì ti rọ̀ dáadáa nísàlẹ̀ ní wákàtí kan sẹ́yìn. Oòrùn ń ràn, ẹ ń yí bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ọwọ́ yín ò sí lórí bíréèkì. Àfi gbàgà, ilẹ̀ dúdú! Amọ̀ yẹn kì í ṣe ẹrẹ̀ lásán. Bó bá gbẹ, á sán débi tí ẹsẹ̀ ọmọdé lè há sí i. Bó bá mumi, á wú, á sì máa lẹ̀ bí iyán. Táyà á yí i mọ́ra, á dì pa sábẹ́ mọ́gáàdì, kẹ̀kẹ́ á dúró gbọn-in, ẹni tó gùn ún á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí àwọn Ọ̀họ̀rí bá Faransé jà ní 1914 sí 1915, amọ̀ yìí wà lára ohun tó gbèjà wọn. Lónìí, kò mọ onílẹ̀ yàtọ̀ sí àlejò.

Torí náà, láti òkè ni kí ẹ ti dẹwọ́ eré. Bí ríìmù bá tutù, rọ́bà bíréèkì kì í tètè mú un: ẹ rọra fún un, ẹ tú u, ẹ tún fún un, kó lè nu omi nù. Ẹ má fún ti iwájú nìkan o. Bí ẹ bá rí ilẹ̀ tó ń dán, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ gbé kẹ̀kẹ́ gba inú koríko.

Ẹrù ńkọ́? Ìdì ẹyìn tó wà lẹ́yìn yín ń gbé táyà iwájú nílẹ̀ bí ẹ bá ń gòkè. Bí ẹ bá ń sọ̀, òun ni yóò máa tì yín. Ẹ pín in sọ́tùn-ún sósì, ẹ dì í pinpin.

Láti oṣù Kẹrin dé oṣù Keje, àti láti oṣù Kẹsàn-án dé oṣù Kọkànlá, bí ìjì bá ti ń gbé eruku pupa, ẹ má bá òjò sáré. Ẹ yà sílé ẹni tó bá sún mọ́ yín, kì í ṣe abẹ́ igi tó dá dúró, nítorí àrá. Bí òjò bá sì dá, ẹ má gbára lé oòrùn. Ojú amọ̀ náà á gbẹ, inú rẹ̀ á ṣì rọ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi igi gún un wò.