Ibà Pọ́njú Lára Ìkókó

Ọmọ laṣọ, ọmọ nidẹ, kò sì sí ìyá ní Múṣín, ní Yábà tàbí ní Súrùlérè tí kì í gbàdúrà kí àlejò tuntun tí Elédùmarè fi ta á lọ́rẹ ó bá a kalẹ́. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ kìíní tó pé, nínú ìkókó 10 tí oṣù wọn pé kí a tó bí wọn, ojú bí 6 a máa pọ́n.

Ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ gbé wá láti inú oyún ní ń fọ́, tí ó ń tú àwọ̀ rúsúrúsú kan tí àwọn dókítà ń pè ní bílírúbìn jáde, èyí tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ tí kò tíì gbó kò lè tètè kó dànù. Lára ọ̀pọ̀ ọmọ, yóò lọ fúnra rẹ̀. Lára àwọn mìíràn, bí ó bá pọ̀ jù, yóò gun ọpọlọ, ó sì lè sọ ọmọ di adití tàbí arọ, bí kò bá tilẹ̀ pa á.

Báwo ni a ó ṣe mọ èyí tí ó léwu? Abèèrè kì í ṣìnà. Ọmọ náà ti pé wákàtí mélòó? Ojú tí ó bá pọ́n kí wákàtí 24 tó pé, a kì í fọwọ́ lẹ́rán wò ó. Ṣé a bí i kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 37? Ṣé ẹ̀yà O ni ẹ̀jẹ̀ ìyá, tí ti bàbá sì yàtọ̀? Ṣé ibà pọ́njú mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí? Ṣé káńfọ̀ wà nínú àpótí aṣọ ìkómọjáde? Èyí ṣe pàtàkì, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò ní èròjà tí a ń pè ní G6PD tó, káńfọ̀ a sì máa fọ́ irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ojúmọmọ ni kí a wo funfun ojú ọmọ, èrìgì rẹ̀ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá pọ́n dé àtẹ́lẹsẹ̀, tàbí tí ọmọ kọ ọmú, tàbí tí oorun rẹ̀ pàpọ̀jù, tàbí tí ara rẹ̀ ń gan, ọsibítù yá, bí irú LUTH ní Ìdí-Àràbà, níbi tí wọn yóò ti wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n tó tẹ́ ẹ sábẹ́ iná aláwọ̀ búlúù, tàbí kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bí ó bá le jù.

Àgbo, omi ṣúgà àti sísá ọmọ sóòrùn lẹ́nu ọ̀nà kì í wò ó sàn. Lóòótọ́, àwọn oníṣègùn fi oòrùn wo àwọn ọmọ sàn ní Island Maternity ní Èkó, ìròyìn rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2015. Ṣùgbọ́n abẹ́ àtíbàbà tí a fi ọ̀rá àkànṣe bò, tí ń sẹ́ ìtànṣán búburú kúrò, ni wọ́n tẹ́ wọn sí, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà ilé.

Àìtètè mólè, olè ń mólóko: kí ìyá tí ó tètè kúrò ní ilé ìgbẹ̀bí gbé ọmọ rẹ̀ padà lọ fún àyẹ̀wò ní ọjọ́ kẹta.

Ìbéèrè
1. Kí ni ó ń mú ojú ìkókó pọ́n?
2. Èé ṣe tí káńfọ̀ fi léwu?
3. Àmì wo ni yóò mú ọ sáré lọ sí ọsibítù?