Kí a tó sanwó kọ̀ńténà tòkunbọ̀

Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí kọ̀ńténà àlòkù tí à ń rà sọ di ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá gan-an ní Ìsọlọ̀ níbí, torí pé etí títì márosẹ̀ Òṣòdì sí Àpápá la wà. Ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ ń gbé kọ̀ńténà láti èbúté Tin Can kọjá níwájú wa, ẹni tó ń tà á kò sì wọ́n. Owó àjọ àti èsúsú la sì sábà fi ń rà á.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí ọ̀dà tuntun sanwó. Ọ̀sán kan péré tó láti fi ọ̀dà bo irin tó ti dógùn-ún mọ́lẹ̀.

Ọ̀sán gangan ni kí ẹ lọ wò ó. Ẹ mú ẹni tí ẹ fọkàn tán dání, àti wẹ́dà tiyín, kì í ṣe wẹ́dà tí ẹni tó ń tà á bá pè fún yín. Ẹ wọ inú kọ̀ńténà náà, kí ẹni yín dúró síta, kó ti ilẹ̀kùn méjèèjì. Ẹ gbọ́ o, ìta nìkan ni wọ́n ti ń ṣí ilẹ̀kùn yìí, kò sí ohun tí ẹ máa dì mú nínú. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tí ẹ kò mọ̀ tì í mọ́ yín, ẹ má sì pẹ́ níbẹ̀ nítorí ooru. Nígbà tí òkùnkùn bá ti mọ́ ojú yín lára, ẹ wo òkè, ẹ wo ẹ̀gbẹ́, ẹ wo etí ilẹ̀kùn níbi tí rọ́bà wà. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń yọ bí ìràwọ̀, ibẹ̀ ni òjò máa gbà wọlé. Ihò tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ lè ba àpò ìrẹsì jẹ́. Bí ẹ bá lè dúró di ọjọ́ kejì òjò ńlá, ìyẹn ló dáa jù, torí omi kì í gba rìbá.

Lẹ́yìn èyí, kí wẹ́dà mú òòlù kékeré, kó máa kan irin náà káàkiri. Èyí tó dáa á dún kóńkóń. Èyí tó ti jẹrà á dún bọ̀bọ̀, èérún pupa á sì máa já bọ́. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kó tẹjú mọ́ jù, torí ibẹ̀ ni ọkọ̀ Hiab máa fi kọ́ ọ gbé. Kọ̀ńténà ẹsẹ̀ bàtà 20 tó ṣófo wúwo ju kìlógíráàmù 2,000 lọ. Ẹ ro ó wò bí igun kan bá já lókè orí ènìyàn. Ẹ ní kí wọ́n gbé e sókè díẹ̀ kí ẹ rí abẹ́ rẹ̀. Èyí tó ti jókòó sínú ẹrẹ̀ pẹ́, abẹ́ rẹ̀ lè ti jẹ tán kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń ta oúnjẹ, ọ̀rọ̀ pákó ilẹ̀ rẹ̀ kàn yín jù. Wọ́n máa ń fi oògùn kòkòrò sí pákó yìí láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Irin pẹlẹbẹ kan wà lára ilẹ̀kùn tí wọ́n kọ ọdún tí wọ́n ṣe é sí, orí rẹ̀ náà ni wọ́n sábà ń kọ orúkọ oògùn náà sí. Ẹrù tó ti gbé ńkọ́? Ó lè jẹ́ bàtà, ó lè jẹ́ kẹ́míkà. Ẹ tì í pa fún bíi wákàtí kan, ẹ ṣí i, kí ẹ gbóòórùn. Bí ó bá ta yín lójú tàbí tí ẹ rí àbàwọ́n tó ti wọ inú pákó, ẹ máa lọ sílé yín. Bí kò bá tiẹ̀ rùn, ẹ má da gàrí tàbí ẹ̀wà sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ má sì gbé àpò lé pákó náà lásán. Àwọn kan máa ń yọ pákó náà pátápátá, wọ́n á fi tuntun sí i. Owó ni o, ṣùgbọ́n èmi fara mọ́ ọn. Ẹ̀yin oníaṣọ tó ń patẹ ní Aswani lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ fi gìgísẹ̀ tẹ pákó náà káàkiri. Ibi tó bá rọ̀, omi ti wọ ibẹ̀, òórùn ọ̀rinrin á sì wọ aṣọ yín.

Ó ku ìwé. Kọ̀ńténà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà: lẹ́tà mẹ́rin tí U sábà máa ń kẹ́yìn wọn, nọ́ńbà mẹ́fà, àti ẹyọ kan tí wọ́n máa ń fi ìlà yí ká. Ti ilẹ̀kùn àti ti ẹ̀gbẹ́ gbọ́dọ̀ bára mu. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ló sábà ń ni kọ̀ńténà. Ẹni tó fi kó ọjà wọlé yá a ni, ó sì yẹ kó dá a padà. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti ha nọ́ńbà náà kúrò, ẹ fura. Ẹ béèrè ìwé tó fi hàn pé ilé iṣẹ́ náà tà á. “Mọ́mì, kò sí wàhálà” kì í ṣe ìwé. Kí nọ́ńbà náà wà nínú rìsíìtì yín, pẹ̀lú orúkọ àti ìbuwọ́lù ẹni tó tà á.

Kí ẹ tó pe Hiab, kí ẹ ti gba àṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀ àti káńsù. Kó má wà lórí gọ́tà, kó má wà lábẹ́ wáyà iná. Owó gbígbé rẹ̀ wà lọ́tọ̀, ẹ dúnàádúrà rẹ̀ kí wọ́n tó fi ìkọ́ sí i, torí tó bá ti wà lókè, iye tó bá wu awakọ̀ ló máa pè.