Kannakánná: Ẹyẹ Dúdú tí a Fi Funfun Dá Mọ̀

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹni tí yóò kọ́ ọmọdé ní ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀dá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí ó fẹ́ kọ́ni. Kannakánná ni ó kọ́ wa ní èyí ní Odigbo. Òròmọdìẹ ń sọnù ní agbo ilé kan, gbogbo wa sì dá ẹyẹ dúdú tí ó tẹ́ ìtẹ́ sórí igi gíga ibẹ̀ lẹ́bi. Díẹ̀ ni ó kù kí a wó ìtẹ́ náà tọmọtọmọ, bí kò ṣe pé ọ̀kan nínú wa bẹ̀bẹ̀ pé kí a ṣọ́ ọ ná. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ẹyẹ kan já wá láti òkè, ó sì gbé òròmọdìẹ kan lọ. Ìrù rẹ̀ là sí méjì, ara rẹ̀ sì rí bí ewé gbígbẹ. Àṣá ni! Kannakánná gan-an ni ó dìde tí ó ń lé e lọ.

Ìrísí rẹ̀. Gígùn kannakánná tó íǹṣì 18 sí 20. Orí, ọ̀fun, ẹ̀yìn, ìyẹ́ àti ìrù rẹ̀ dúdú, wọ́n sì ń dán. Ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ funfun, funfun náà sì yí ọrùn rẹ̀ ká dé ẹ̀yìn. Akọ àti abo rí bákan náà. Àtíòro pẹ̀lú ní dúdú àti funfun, ṣùgbọ́n ikùn ni tirẹ̀ ti funfun, ẹnu rẹ̀ gùn, ó sì tẹ̀. Nígbà tí Müller fún kannakánná ní orúkọ Látìnì ní ọdún 1776, Corvus albus ni ó pè é. Ìtumọ̀ albus sì ni funfun.

Ìṣe rẹ̀. Igi wẹ́wẹ́ ni ó fi ń tẹ́ ìtẹ́. A máa yé ẹyin 3 sí 6, a sì máa sàba lé wọn fún bí ọjọ́ 18 tàbí 19. Ọmọ rẹ̀ a tó fò ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó ń jẹ kòkòrò, ọkà, èso àti òkú ẹran. Ní Ore, níbi tí ọ̀nà Èkó sí Benin ti pàdé ti Ondo sí Okitipupa, ẹ ó rí i lórí ààtàn àti lẹ́bàá títì, níbi tí ó ti ń jẹ ẹran tí ọkọ̀ pa. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń bá wa tún ìlú ṣe.

A kò wí pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́ pátápátá: a máa jí ẹyin, bí ó bá sì rí ààyè, a máa gbé òròmọdìẹ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ ọjọ́ yẹn kì í ṣe tirẹ̀, àwa ni a sì fẹ́ fi ìyà rẹ̀ jẹ àwọn ọmọ rẹ̀.

Nítorí náà, bí ọmọ ilé-ìwé bá bi yín pé, "Ẹyẹ wo nìyẹn?", ẹ má ṣe fi àwọ̀ nìkan dáhùn. Ẹ wo àyà, ẹ wo ẹnu, ẹ wo ìrù, kí ẹ tó la ẹnu. Nítorí àṣìṣe olùkọ́ kan a máa di àṣìṣe ogójì ọmọ.