Ọjọ́ Wo La Ti Bẹ̀rẹ̀ sí í Kà? Ẹ̀kọ́ lórí Físà àti Ìwé Ìrìnnà

Láti Albarika, ní Parakou ní orílẹ̀-èdè Benin, ọ̀nà mẹ́rin ló jáde sí ilẹ̀ òkèèrè. Ọ̀kan gba Nikki dé Chikanda, ó já sí Baruten ní ìpínlẹ̀ Kwara. Ọ̀kan gba Djougou lọ sí Tógò. Ọ̀kan gòkè lọ sí Malanville, níbi tí Odò Ọya ti pààlà láàárín àwa àti Niger. Ìkẹrin sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Cotonou, níbi tí ẹni tó ń lọ sí Faransé ti ń wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ìbéèrè tí gbogbo arìnrìn-àjò máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Tíṣà, ṣé mo nílò físà?” Ìbéèrè gidi ni, ṣùgbọ́n kò tíì tó. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ mi máa fi tẹ̀ lé e rèé: ọjọ́ mélòó ni ìwé yìí fún mi, ọjọ́ wo la sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á?

Ẹ jẹ́ ká mú ti ìtòsí. Ní 1979, ní Dakar, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS, tí a mọ̀ sí CEDEAO níhìn-ín, fọwọ́ sí àdéhùn pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn láìgba físà, kó sì lò tó ọjọ́ 90. Ọ̀pọ̀ ló gbọ́ apá àkọ́kọ́ tí kò gbọ́ ìkejì. Ìwọlé ni àdéhùn ọjọ́ náà fún wa. Ẹ̀tọ́ láti máa gbé ibẹ̀ ká sì máa ṣiṣẹ́ wà nínú àdéhùn mìíràn tí wọ́n ṣe ní 1986. Ti dídá okòwò sílẹ̀ sì dé ní 1990. Ọmọ Albarika tó ń lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ n'Ílọrin kò ní wàhálà físà. Bó bá fẹ́ dúró ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ lọ gba ìwé ìgbélùú lọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ Nàìjíríà kí ọjọ́ 90 tó pé. Èdìdì tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé ìrìnnà rẹ̀ ní ẹnubodè ni ẹ̀rí ọjọ́ tí kíkà ti bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń dùn mí bí ọ̀dọ́ tí òfin ti ṣílẹ̀kùn fún bá tún gba ọ̀nà ẹ̀bùrú: kò ní ọjọ́ kankan tó lè tọ́ka sí.

Ẹni tó bá ń gba Malanville lọ ní láti rántí pé Niger, Mali àti Burkina Faso ti jáde kúrò nínú ECOWAS ní 29 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2025. Kó wádìí ohun tó wà lóde kó tó di ẹrù.

Àdéhùn 1979 yẹn tún béèrè ìwé ìlera. Káàdì àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni, èyí tí àwọn awakọ̀ ń pè ní yẹ́lò káàdì. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí. Ẹni tó gba abẹ́rẹ́ lónìí tó fẹ́ rìn lọ́la ti ní káàdì lọ́wọ́, ṣùgbọ́n káàdì náà kò tíì ṣiṣẹ́. Ó di ọjọ́ 10 lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Kí ló fà á? Kòkòrò fáírọ́ọ̀sì tó wà láàyè, tí wọ́n ti gba agbára rẹ̀, ló wà nínú abẹ́rẹ́ náà. Bí ọdẹ ṣe ń jẹ́ kí ọmọ ajá gbóòórùn awọ ẹran kó tó mú un wọ igbó, bẹ́ẹ̀ ni ara ṣe ń kọ́ láti dá ọ̀tá yìí mọ̀, tó sì ń ṣe èròjà tí yóò fi bá a jà. Iṣẹ́ yẹn ń gba ọjọ́. Tí ọjọ́ 10 bá pé, ààbò ti wà lára ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó gbà á. Tó bá di ọjọ́ 30, wọ́n ti ju 99 lọ nínú 100.

Ọ̀dọ̀ wa náà sì ni abẹ́rẹ́ yìí ti ṣẹ̀. Ní 1927, nígbà tí Gánà ṣì ń jẹ́ Gold Coast, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asibi ní ibà náà, àwọn onímọ̀ ìṣègùn sì gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó yè. Adrian Stokes, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe ìwádìí náà, kó àrùn yìí, ó sì kú l'Ékòó lọ́dún yẹn kan náà. Nígbà tó yá, ní New York, Max Theiler ń tọ́ fáírọ́ọ̀sì Asibi nínú ẹran ara ọmọ inú ẹyin adìyẹ, ó ń tún un tọ́ léraléra, títí kò fi lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá mọ́. Èyí di àjẹsára 17D ní 1937. Theiler gba ẹ̀bùn Nobel ní 1951. Látinú ẹ̀jẹ̀ Asibi ni èyí tí wọ́n ń fún wa lónìí ti wá. Láti 11 oṣù Agẹmọ 2016, ẹ̀ẹ̀kan tó fún ọjọ́ ayé ẹni, kódà bí wọ́n bá kọ ọdún 10 sórí káàdì àtijọ́.

Ti Faransé ńkọ́? Físà ọlọ́jọ́ gígùn wà fún ẹni tó ń lọ kàwé ju oṣù 3 lọ. Bí irú rẹ̀ bá jẹ́ èyí tó dúró fún ìwé ìgbélùú, kó fi orúkọ rẹ̀ múlẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín oṣù 3 tó bá dé. Físà ọlọ́jọ́ kúkúrú ti Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí Faransé wà lára wọn, ló ń da ènìyàn láàmú. Ọjọ́ 90 ló fúnni nínú ọjọ́ 180, ẹ̀yìn la sì ń kà á sí: lójoojúmọ́, wọn á wo ọjọ́ 180 tó parí sí òní, wọn á ka iye èyí tí o lò lọ́dọ̀ wọn. Ọjọ́ tí o dé àti ọjọ́ tí o lọ wà nínú rẹ̀.

Ẹ mú kàlẹ́ńdà. Ẹnì kan tí físà rẹ̀ gba ìwọlé lọ́pọ̀ ìgbà dé Paris ní 1 oṣù Ẹrẹ́nà, ó dúró láìjáde. Ọjọ́ 90 pé ní 29 oṣù Èbìbí, ó sì padà sílé. Ní 27 oṣù Ògún, ọjọ́ 180 tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣì bẹ̀rẹ̀ láti 1 oṣù Ẹrẹ́nà, 90 ló ti lò, kò sí àyè. Ní ọjọ́ kejì, 28, ọjọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ bọ́ kúrò nínú kíkà, ó sì lè wọlé.